Òdo Kọ́ Ni "Mi Ò Rí I": Ẹ̀kọ́ Kan lórí Return Type

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, nígbà ìsinmi tó kọjá, mo lọ lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ìrẹsà-Adú, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Súrùlérè ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, kì í ṣe ti Èkó o. Gàrí àti ẹ̀wà ni Màmá ń tà, ọ̀pọ̀ oníbàárà wọn ló sì ń ra àwìn. Ìwé kan tó ti gbó ni wọ́n ń kọ gbèsè sí. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n fi Java ṣe òmíràn fún wọn.

Function tó ń wá gbèsè nìyí:

```java
static int gbeseTi(String oruko) {
    for (Onigbese o : iwe) {
        if (o.oruko.equals(oruko)) return o.iye;
    }
    return 0;
}
```

Nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ ọ́, kò sí `return 0` níbẹ̀. Compiler kọ̀ jálẹ̀, ó ní "missing return statement". Ìbéèrè gidi ló ń bi mí: bí orúkọ náà kò bá sí nínú ìwé ńkọ́, kí ni kí n mú bọ̀? Èmi kàn fi `return 0` pa á lẹ́nu mọ́ ni.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Alákàrà wá san gbèsè. Mo tẹ "Iya Alakara" láìfi àmì ohùn sí i, bẹ́ẹ̀ "Ìyá Alákàrà" ni mo kọ pamọ́. Lójú `equals`, orúkọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Kọ̀ǹpútà gbé 0 jáde. Mo ní, "Ìyá, ẹ ò jẹ gbèsè kankan." Wọ́n rẹ́rìn-ín: "Ṣé kọ̀ǹpútà yín ló bá mi san án ni?" Màmá ṣí ìwé gbígbó wọn: ₦18,500. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ká ní ẹlòmíràn ni ńkọ́?" Mi ò rí èsì fọ̀.

Níbo ni àṣìṣe wà? Return type ni àdéhùn láàárín function àti ẹni tó pè é. Bí a bá kọ `int`, a ti ṣèlérí pé nọ́ńbà la ó máa mú bọ̀ nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n èsì méjì ni ìbéèrè mi lè ní: "mo rí i, iye rẹ̀ nìyí" àti "mi ò rí i". `int` kò ní àyè fún ìkejì, ni mo bá fi irọ́ dí i. Ó dà bí ọmọ tí a rán níṣẹ́, tí kò bá ẹni náà nílé, tó wá padà wá sọ pé "wọ́n ní kò burú".

Ṣé kí n lo -1 ni? Bí ẹnikẹ́ni bá gbàgbé tó ṣe àròpọ̀ gbogbo gbèsè, -1 yóò wọ inú rẹ̀ láìsí ariwo. `Integer` tó lè jẹ́ `null` ńkọ́? Compiler yóò gbà á, yóò wá dojú dé nígbà tí a bá ń lò ó. Tony Hoare tó dá `null` sílẹ̀ ní 1965 fúnra rẹ̀ pè é ní àṣìṣe bílíọ̀nù dọ́là ní 2009.

Láti Java 8, tó jáde ní 2014, `OptionalInt` ti wà:

```java
static OptionalInt gbeseTi(String oruko) {
    for (Onigbese o : iwe) {
        if (o.oruko.equals(oruko))
            return OptionalInt.of(o.iye);
    }
    return OptionalInt.empty();
}
```

Bí mo ṣe yí i padà, gbogbo ibi tí mo ti kọ `int g = gbeseTi(oruko);` di àṣìṣe lójú compiler. Àǹfààní rẹ̀ gan-an nìyẹn: ó fi gbogbo ibi tí mo ti ń gba irọ́ gbọ́ hàn mí. Mo tún wọn kọ báyìí:

```java
OptionalInt esi = gbeseTi(oruko);
if (esi.isPresent()) {
    System.out.println("Gbèsè: " + esi.getAsInt());
} else {
    System.out.println("Orúkọ yìí kò sí. Ẹ wo ìwé.");
}
```

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn ṣì wà nílẹ̀, ẹ̀kọ́ ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní báyìí, bí kọ̀ǹpútà kò bá mọ̀, ó máa ń sọ pé òun kò mọ̀. Màmá gbà kí n fi í sílẹ̀ fún wọn, àmọ́ ìwé gbígbó náà ṣì wà lórí káńtà.

Iṣẹ́ àṣetiléwá: ẹ kọ function tó ń wá ìpíndọ́gba máàkì kíláàsì. Bí kò bá sí akẹ́kọ̀ọ́ kankan nínú kíláàsì náà, kí ni kó dá padà? Bí ẹ bá ṣe tán, ẹ wo irú èsì tí `average()` inú `IntStream` ń dá padà, kí ẹ fi wé tiyín.