Jíjò ni tàbí Kíkún? Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ìṣàn Ọ́ìlì nínú Tọ́bò Tuntun Ọkọ̀ Akẹ́rù

Èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀ ní 1984 dá lé lórí. Ẹ̀rọ ọkọ̀ kò sí lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí kò bá ìṣẹ̀lẹ̀ mu nídìí ọkọ̀ kì í ṣe àṣìṣe orí ìwé lásán: ó lè mú kí wọ́n tú ẹ̀rọ tí kò bàjẹ́, kí wọ́n sì fi àléébù gan-an sílẹ̀. Àpẹẹrẹ kan péré ni a ó gbé yẹ̀ wò níhìn-ín, èyíinì ni ọ́ìlì tó ń jáde lára tọ́bò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ so mọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù.

Tọ́bò ni orúkọ tí àwọn mẹkáníìkì ń pe ẹ̀rọ tó ń fún atẹ́gùn wọ inú ẹ́ńjìnnì. Alfred Büchi, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ló gba ìwé-àṣẹ ìhùmọ̀ lórí rẹ̀ ní 1905. Abẹ̀bẹ̀ méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀pá kan ṣoṣo ló sì so wọ́n pọ̀. Èéfín tó ń jáde lọ ń yí ọ̀kan, èkejì a sì máa fún atẹ́gùn wọlé. Ọ̀pá náà lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan; ọ́ìlì ló ń gbé e ró, òun náà ló ń mú un tutù. Tọ́bò ti di ọ̀rọ̀ Yorùbá, kò sí ìdí láti wá òmíràn. Ọ́ìlì náà kò ṣeé fi epo rọ́pò. Awakọ̀ tó bá gbọ́ pé epo wà nínú ọ̀nà atẹ́gùn kò ní mọ̀ bóyá dísẹ́ẹ̀lì ni.

Ìdí paípù ni wàhálà wà. Paípù tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń gbé ọ́ìlì wọ inú tọ́bò, pọ́ǹpù ẹ́ńjìnnì ló sì ń fi agbára tì í. Ti ìjáde kò rí bẹ́ẹ̀. Olùtumọ̀ tó bá tẹ̀ lé èdè Gẹ̀ẹ́sì yóò pè é ní paípù ìdápadà. Ṣùgbọ́n ìdápadà ní olùṣe nínú: ẹnì kan ní láti wà tí yóò dá nǹkan padà. Níhìn-ín, kò sí ẹni náà. Nígbà tí ọ́ìlì bá fi kọjá lára ọ̀pá, ó ti dà pọ̀ mọ́ atẹ́gùn, ó ti hó bí ọṣẹ, ìwúwo ara rẹ̀ nìkan ló sì kù láti gbé e wálẹ̀. Ìdí nìyí tí paípù yìí fi ní láti fẹ̀ ju ti ìwọlé lọ dáadáa. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún ohun tó ń wálẹ̀ báyìí: ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, omi tó ń dà láti etí òrùlé. Òótọ́ ni pé omi ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí, kì í ṣe ohun tó ń gba omi. Nítorí náà, paípù ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ló yẹ.

Ẹni tó bá mọ orúkọ yìí ti mọ ibi tí yóò kọ́kọ́ wò. Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ kì í gun òkè, nítorí náà paípù kò gbọdọ̀ rọ̀ sílẹ̀ kó tún gbéra. Ilé-iṣẹ́ Garrett tó ń ṣe tọ́bò ní kò gbọdọ̀ tẹ̀ ju ìwọ̀n 35 lọ kúrò ní òòró. Ẹnu rẹ̀ ní láti wọ ẹ́ńjìnnì lókè ojú ọ́ìlì inú agbada. Gásíkẹ́ẹ̀tì tí ihò rẹ̀ kò bára mu lè dí i. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ọwọ́ líle kùn sì burú jù ú lọ, nítorí pé yóò fún pọ̀ wọ inú ihò, ojú kò sì ní rí i láti ìta. Bí gbogbo èyí bá dára, kí wọ́n wo ihò tí ikùn ẹ́ńjìnnì fi ń mí. Bó bá dí, atẹ́gùn inú ikùn yóò máa ti ọ́ìlì padà sókè.

Ọ̀rọ̀ ìṣe tí wọ́n ń lò náà ń ṣi ènìyàn lọ́nà. “Tọ́bò ń jò,” wọ́n á ní, wọ́n á sì pààrọ̀ rẹ̀, èyí tuntun á tún máa ṣe bákan náà. Tọ́bò kò jò, ó kún ni. Àwọn òrùka kékeré tó wà létí ọ̀pá kì í ṣe èdìdì. Wọn kò lè dá ọ́ìlì tó ti mù ún dé ọrùn dúró. Ó tún léwu. Ọ́ìlì tó bá ya wọ ọ̀nà atẹ́gùn lè di ohun tí ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ń jó, tí yóò sì máa sáré ju agbára rẹ̀ lọ, bí awakọ̀ tilẹ̀ pa kọ́kọ́rọ́.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni paípù ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ń fà. Bí asẹ́ atẹ́gùn bá dí, abẹ̀bẹ̀ ìwọlé yóò máa fa ọ́ìlì mọ́ra. Fífà ni ti èyí. Kí wọ́n fi jíjò sílẹ̀ fún ọjọ́ tí ọ̀pá tàbí òrùka bá jẹ ní tòótọ́.