Bójú Bá Yẹjú, Kóhùn Má Yẹhùn

Bójú bá yẹjú, kóhùn má yẹhùn. Ẹni tó ń lọ sájò àti ẹni tó ń dúró nílé ni àwọn àgbà pa òwe yìí fún. Ní Ilé-Ifẹ̀ lónìí, àwọn tó ń di ẹrù kò kéré: olùkọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tó ríṣẹ́ sí Kánádà, nọ́ọ̀sì tó gba Lọ́ńdọ́nù lọ, akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ kàwé sí i ní Jámánì. Púpọ̀ nínú wọn ló fi àkáǹtì sílẹ̀ ní Lágere tàbí nínú ọgbà yunifásítì. Ẹ rántí pé báńkì kò mọ ojú yín. Nọ́ńbà àti ìwé ló mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí owó òun máa gbọ́ràn sí òun lẹ́nu láti òkèèrè, kó tún nọ́ńbà àti ìwé rẹ̀ ṣe kó tó wọ bàálù.

Láìnì fóònù ló ṣáájú, nítorí orí rẹ̀ ni OTP, nọ́ńbà àṣírí tí báńkì ń fi ránṣẹ́, ń wọlé sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn a dé òkè òkun, wọ́n a ra síìmù tuntun, wọ́n a sì gbàgbé ti Nàìjíríà sínú àpò. Lábẹ́ òfin NCC, àjọ tó ń bójú tó ilé iṣẹ́ fóònù, láìnì tí a kò lò fún oṣù 6 ṣeé pa. Bí oṣù 6 mìíràn bá tún kọjá, nọ́ńbà náà lè di ti ẹlòmíràn, kí ọ̀rọ̀ àṣírí báńkì yín sì máa bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí. Kí ẹ tó lọ, ẹ ní kí wọ́n ṣí láìnì náà kó lè ṣiṣẹ́ lókè òkun. Ẹ máa ra káàdì díẹ̀ sórí rẹ̀, kí ẹ sì máa fi pe ilé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi síìmù náà sílẹ̀ fún àbúrò; kọ́kọ́rọ́ àpótí owó ni.

Orúkọ ló tẹ̀ lé e. BVN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ báńkì) tí báńkì àpapọ̀, CBN, dá sílẹ̀ ní 2014, NIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ Nàìjíríà) àti pásípọ́ọ̀tù, ẹ jẹ́ kí orúkọ àti ọjọ́ ìbí orí wọn bára mu. Obìnrin tó ń jẹ́ orúkọ ọkọ nínú pásípọ́ọ̀tù, tó ṣì ń jẹ́ orúkọ bàbá nínú BVN, yóò rí wàhálà níwájú. Àtúnṣe rọrùn nígbà tí ẹ ṣì lè fẹsẹ̀ rìn wọ báńkì ní Lágere. Ẹni tó ti lọ láìní BVN kò ní láti padà wálé mọ́: ní oṣù Karùn-ún 2025, CBN ṣí ètò tí ará òkè òkun lè fi gbà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ sì máa fọwọ́ kan àkáǹtì yín. Òfin tí CBN gbé jáde ní 2024 ní kí owó tí ẹni tó ni ín kò yà wò fún ọdún 10 bọ́ sábẹ́ ìtọ́jú CBN. Ẹ lè gbà á padà, ṣùgbọ́n ẹ ó sáré ìwé.

Tó bá di ọ̀rọ̀ fífi owó ránṣẹ́, ọ̀kánjúwà baba àrùn. Ilé iṣẹ́ tó ní òun kì í gba owó iṣẹ́ lè ti fi èrè rẹ̀ pamọ́ sínú iye tó ń ṣẹ́ pọ́n-ùn sí náírà. Ohun tí ẹ ó béèrè ni pé: bí mo bá san 200 pọ́n-ùn, náírà mélòó ni yóò dé ọwọ́ ìyá mi? Ohun tí àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé ń lépa ni pé, tó bá fi máa di 2030, kí ìnáwó ìfiránṣẹ́ má tó ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn 6 pọ́n-ùn lórí 200. Bí tiyín bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ yẹ ilé mìíràn wò. Bí bọ̀dá kan bá sì ní kí ẹ san pọ́n-ùn fún ẹni tí ẹ kò mọ̀ ní Peckham ní Lọ́ńdọ́nù, kí òun san náírà ní Ifẹ̀, ẹ sá. Bí owó ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ ti jìbìtì, báńkì lè ti àkáǹtì tiyín pa.

Ogún ọmọdé kì í ṣeré fógún ọdún, nítorí náà ẹ má fi àkáǹtì ọ̀rẹ́ ṣe ibi ìpamọ́. Ẹ ya owó oúnjẹ sọ́tọ̀ kúrò lára owó ilé tí ẹ ń kọ́ ní Ọ̀pá. Ẹ kọ iṣẹ́ tí owó kọ̀ọ̀kan wà fún sí i lára: owó bíríkì, owó oògùn màmá. Bí ẹnìkan yóò bá máa ṣojú yín ní báńkì, lọ́yà ni kó kọ ìwé àṣẹ fún un. Ẹ má fún un ní PIN. Orúkọ ìbátan tí ẹ kọ sí fọ́ọ̀mù báńkì kì í ṣe ìwé ìhágún: bí ikú bá dé, ìwé ilé ẹjọ́ ni wọn yóò béèrè.

Ọ̀nà kan kò wọjà. Ní oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àjèjì tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti gbàwé tàbí kúrò nílùú. Àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí àti Ìgbẹ́tì fi ọjà àti gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n sílẹ̀ sá wálé. Ẹ má kó gbogbo owó sí ìlú kan, ẹ má sì kó o sí báńkì kan. Láti 2024, mílíọ̀nù 5 náírà ni NDIC, àjọ adójútòfò owó báńkì, ń dáàbò bò fún oníbàárà kan ní báńkì kan, bí báńkì ńlá bá wó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń di ẹrù lọ́wọ́, ẹ dé báńkì kí ẹ tó ṣe àsè ìdágbére. Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ, ẹ pe nọ́ńbà Nàìjíríà yín lónìí, kí ẹ wò ó bóyá ẹlòmíràn kọ́ ni yóò gbé e.