Lẹ́tà Yorùbá nínú Kọ̀ǹpútà: Ta Ni Ó Ń Gbé Àmì Ohùn Lé E Lórí?

Gbogbo ẹni tí ó ń kọ́ èdè Yorùbá ni ó mọ̀ pé ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Àmì ohùn ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Síbẹ̀, mo ti rí ìwé ìkéde àti iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tí àmì wọn ti yẹ̀ kúrò lórí lẹ́tà kí wọ́n tó jáde láti ilé ìtẹ̀wé. Àwọn kan a máa sọ pé èdè wa ni kò bá kọ̀ǹpútà mu. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a mọ̀ ni pé lẹ́tà yàtọ̀ sí àwòrán lẹ́tà. Nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà; inú fọ́ǹtì ni àwòrán rẹ̀ wà. Nínú ètò Unicode, é ní nọ́ńbà tirẹ̀, 00E9. Lẹ́tà ẹ náà ní tirẹ̀, 1EB9. Ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. A ní láti to 1EB9 pọ̀ mọ́ 0301, tí í ṣe nọ́ńbà àmì ohùn òkè. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ rí.

Kí ọ̀rọ̀ tó hàn, ohun mẹ́ta ni ó ń ṣẹlẹ̀:

(i) Kọ̀ǹpútà yóò wá àwòrán tí ó bá nọ́ńbà mu nínú fọ́ǹtì. Bí kò bá rí i, yóò yá a láti inú fọ́ǹtì mìíràn, tàbí kí ó fi àpótí òfìfo dípò rẹ̀.

(ii) Yóò gbé àmì lé lẹ́tà lórí. Ẹni tí ó ṣe fọ́ǹtì ni ó ń pààlà ibi tí àmì yóò jókòó sí. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, àmì lè yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kí ó gun lẹ́tà mìíràn.

(iii) Yóò fa ìlà àwòrán náà, yóò sì kùn ún.

Ìpele kejì yìí gan-an ni ìyà ti ń jẹ èdè wa. Ẹ̀bi fọ́ǹtì ni, kì í ṣe ẹ̀bi Yorùbá.

Ọ̀ràn mìíràn tún wà. Ọ̀nà mẹ́rin ni a lè gbà to nọ́ńbà ẹ́: ẹ àti àmì ohùn; é àti àmì ìsàlẹ̀; tàbí e pẹ̀lú àmì méjèèjì, èyíkéyìí ìbáà ṣáájú. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ètò kọ̀ǹpútà kò bá sọ wọ́n di ọ̀kan, ẹni tí ó ń wá ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé lè má rí i, bẹ́ẹ̀ ó wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi akẹ́kọ̀ọ́, ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí a tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé, ẹ jẹ́ kí a kọ ẹ́, ẹ̀, ọ́, ọ̀, ṣ, ń àti ǹ, ní lẹ́tà ńlá àti kékeré, ní èyí tí ó nípọn àti èyí tí ó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Fọ́ǹtì tí ó bá kùnà nínú ìdánwò yìí, kí a fi í sílẹ̀, bí ó ti wù kí ó lẹ́wà tó.