Ìṣirò Tí Ó Wà Lójú Ọpọ́n Ayò

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ òbí ni ó gbà pé eré àwọn àgbàlagbà tí ọwọ́ wọ́n dilẹ̀ ni ayò jẹ́. Bí ọmọ bá jókòó tì í, wọn a ké mọ́ ọn pé kí ó lọ mú ìwé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rò pé àjèjì ni ìṣirò, pé kò sí ohun tí ó pa á pọ̀ mọ́ ilé bàbá wọn; ẹ̀rù rẹ̀ a sì máa bà wọ́n títí wọn yóò fi jáde ìwé. Àṣìṣe ni èrò méjèèjì. Bí ọ̀ta ayò méjì bá dojú kọ ara wọn ní Ẹnuwá, níwájú Ààfin Ọọ̀ni ní Ilé-Ifẹ̀, ìṣirò ni wọ́n ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí wọn kò tilẹ̀ mú lẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́. Ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ yìí yóò fi ìṣirò náà hàn. Bí ọpọ́n bá wà nítòsí, kí ẹni tí ń kà á sí etígbọ̀ọ́ àwọn ẹlòmíràn gbé e sí àárín.

BÍ A TI Ń TA Á

Ọpọ́n ayò ní ihò 12, mẹ́fà ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ayò mẹ́rin ni a ń kó sínú ihò kọ̀ọ̀kan kí eré tó bẹ̀rẹ̀, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 48. Ẹni tí ó kàn yóò kó gbogbo ọmọ inú ihò kan ní ìhà tirẹ̀, yóò sì máa fi wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sínú àwọn ihò tí ó tẹ̀ lé e, láti ọwọ́ òsì rẹ̀ lọ sí ọwọ́ ọ̀tún, títí yóò fi yí wọ ìhà ẹnìkejì.

Bí ọmọ tí ó kẹ́yìn bá bọ́ sínú ihò ẹnìkejì, tí ohun tí ó wà níbẹ̀ sì di méjì tàbí mẹ́ta, ó jẹ wọ́n. Bí ihò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ní ìhà kan náà bá di méjì tàbí mẹ́ta pẹ̀lú, yóò jẹ èyí náà, títí yóò fi kan ihò tí kò rí bẹ́ẹ̀. A kò sì gbọdọ̀ fi ebi pa ẹnìkejì: bí ìhà rẹ̀ bá ṣófo, dandan ni kí a ta èyí tí yóò fún un ní ọmọ, bí ó bá ṣeé ṣe. Ẹni tí ó bá jẹ 25 ti borí. Bí olúkúlùkù bá jẹ 24, ọ̀mì ni.

ÌṢIRÒ ÀKỌ́KỌ́: ÀRÒPỌ̀

Ẹ jẹ́ kí a fi nọ́ńbà sí àwọn ihò. Tìrẹ jẹ́ 1 sí 6, láti ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún. Ti ẹnìkejì rẹ jẹ́ 7 sí 12, bí ọmọ ayò ti ń rìn. Bí ìwọ bá fẹ́ mọ ibi tí ọmọ ìkẹyìn yóò bọ́ sí, ro nọ́ńbà ihò náà pọ̀ mọ́ iye ọmọ inú rẹ̀. Bí ọmọ mẹ́rin bá wà nínú ihò 5, márùn-ún àti mẹ́rin jẹ́ mẹ́sàn-án: inú ihò 9 ni ìkẹyìn yóò bọ́ sí.

Kí a wí pé ọmọ méjì ti wà nínú ihò 9, ọ̀kan nínú ihò 8, mẹ́rin nínú ihò 7. Bí ìwọ bá ta ihò 5, ihò 9 di mẹ́ta, ihò 8 di méjì, ihò 7 di márùn-ún. Ìwọ yóò jẹ mẹ́ta àti méjì, èyíinì ni márùn-ún, ihò 7 yóò sì dá ọ dúró. Láti inú èyí ni a ti rí i pé ihò tí ó ní ọmọ kan tàbí méjì wà nínú ewu nígbà gbogbo. Òpè a máa wo ohun tí òun yóò jẹ. Ọ̀ta a kọ́kọ́ wo ohun tí a lè jẹ lọ́wọ́ òun.

ÌṢIRÒ KEJÌ: ODÙ ÀTI ÌYÓKÙ

Bí ọmọ bá pọ̀ nínú ihò kan tó bẹ́ẹ̀ tí yóò yí ọpọ́n ká, odù ni a ń pè é. Òfin rẹ̀ ni pé a kì í fi ọmọ sínú ihò tí a ti kó o. Nítorí náà, ọmọ 11 ni ó ń tán ní ìyípo kan. Yọ 11 kúrò nínú iye ọmọ odù náà. Ìyókù ni yóò sọ ibi tí yóò parí sí.

Bí ọmọ 16 bá wà nínú ihò 4, yọ 11 kúrò, ó ku márùn-ún. Mẹ́rin àti márùn-ún jẹ́ mẹ́sàn-án: ihò 9 ni yóò parí sí. Ihò 7, 8 àti 9 yóò gba ọmọ méjì méjì. Bí 7 àti 9 bá ti ṣófo tẹ́lẹ̀, tí ọ̀kan sì wà nínú 8, wọn yóò di méjì, mẹ́ta àti méjì, ìwọ yóò sì jẹ méje lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìdí nìyí tí ọ̀ta fi ń tọ́jú odù bí àgbẹ̀ ti ń tọ́jú iṣu èsúrú. Ìṣirò ìyókù yìí kan náà ni a ń lò lójú aago, níbi tí a ń padà sí 1 lẹ́yìn 12.

ÌṢIRÒ KẸTA: OHUN TÍ KÌ Í SỌNÙ

Ohun tí ó wà lójú ọpọ́n àti ohun tí ẹni méjèèjì ti jẹ kò gbọdọ̀ ju 48 lọ, kò sì gbọdọ̀ dín. Bí ó bá dín, ọmọ kan ti bọ́ sílẹ̀, tàbí ọwọ́ ẹnì kan kò mọ́. Ẹ tilẹ̀ gbọ́ bí èdè wa ti ń pe iye náà: méjìdínláàádọ́ta, àádọ́ta tí a yọ méjì kúrò nínú rẹ̀. Iye tí a fi ń borí ni márùndínlọ́gbọ̀n, ọgbọ̀n tí ó dín márùn-ún. Ọmọ tí ó bá ń ka ayò ní èdè abínibí rẹ̀ ti ń ṣe àròpọ̀ àti àyọkúrò kí ó tó mọ orúkọ wọn.

OHUN TÍ AYÉ RÍ NÍNÚ AYÒ

Eré yìí kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Oware ni àwọn Akan ní Gánà ń pe irú rẹ̀. Àwọn tí a kó lẹ́rú lọ gbé e kọjá òkun, a sì ń ta á ní erékùṣù Antigua àti Barbados. Ní ọdún 1973, Claudia Zaslavsky, olùkọ́ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ mọ́ ìmọ̀ ìṣirò ilẹ̀ wa nínú ìwé rẹ̀ Africa Counts. Ní 1977, A. O. Odeleye tẹ ìwé odidi kan jáde lórí ayò ní Ìbàdàn.

Ẹ wo bí ó ti jinlẹ̀ tó. Ẹni àkọ́kọ́ ní ọ̀nà mẹ́fà láti ta, ẹnìkejì náà ní mẹ́fà: ọ̀nà 36 ti ṣí sílẹ̀ kí olúkúlùkù tó ta ẹ̀ẹ̀kejì. Ní ọdún 2002, onímọ̀ kọ̀ǹpútà méjì, John Romein àti Henri Bal, ní Yunifásítì Vrije ní ìlú Amsterdam, fẹ́ mọ òpin eré náà, tí wọ́n ń pè ní Awari. Wọ́n lo ẹ̀rọ tí ó ní ọpọlọ 144 tí ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Láti ẹ̀yìn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀: wọ́n kọ́kọ́ yanjú ọpọ́n tí ọmọ díẹ̀ kù lórí rẹ̀, wọ́n sì ń fi ọmọ kún un títí ó fi pé 48. Wakati 51 ni ẹ̀rọ náà fi ṣe ìṣirò, ipò tí ó yẹ̀ wò sì jẹ́ 889,063,398,406.

Èsì rẹ̀ ni pé bí ẹni méjèèjì kò bá ṣi ayò ta rárá, ọ̀mì ni yóò jẹ́. Ẹni tí ó kọ́kọ́ ta kò ní àǹfààní kan, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó kẹ́yìn kò ní àdánù. Ìrònú nìkan ni ó ń ya ọ̀ta sọ́tọ̀ kúrò lára òpè. A kì í bí ọ̀ta. A ń kọ́ ọ ni.

ÌMỌ̀RÀN ÀTI IṢẸ́ ṢÍṢE

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe lé ọmọ kúrò nídìí ọpọ́n, lọ́kùnrin àti lóbìnrin. Ẹ ní kí ó sọ ibi tí ọmọ ìkẹyìn yóò bọ́ sí kí ó tó fi ọwọ́ kàn án, kí ó sì sọ ìdí rẹ̀. Kò rọ́pò ìwé. Ohun tí yóò jẹ́ kí ọmọ má bẹ̀rù ìwé ni. Ẹ má sì jẹ́ kí a fi owó ta á, nítorí tẹ́tẹ́ a máa ba ẹ̀kọ́ jẹ́. Ẹni tí kò ní ọpọ́n lè gbẹ́ ihò 12 sílẹ̀, kí ó fi ekùrọ́ tàbí òkúta wẹ́wẹ́ ṣe ọmọ.

1. Ọmọ méje wà nínú ihò 2. Ihò wo ni yóò parí sí?
2. Ọmọ mélòó ni ó yẹ kí ó wà nínú ihò 6 kí ó lè parí sí ihò 10?
3. Odù 17 wà nínú ihò 1. Ihò wo ni yóò parí sí?
4. Ẹnì kan ti jẹ 19, ẹnìkejì ti jẹ 16. Mélòó ni ó kù lójú ọpọ́n? Mélòó ni ẹni àkọ́kọ́ yóò tún jẹ kí ó tó borí?

Ìdáhùn: (1) ihò 9, (2) mẹ́rin, (3) ihò 7, (4) 13 ni ó kù, mẹ́fà ni yóò tún jẹ.

Kí ẹni tí ó gba gbogbo rẹ̀ kọ́ ẹnì kan tí kò gbà á, kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.