Ṣe àti Má Ṣe fún Òbí Ọmọ Àkàndá Létí Omi

Bí ọmọ bá pé oṣù mẹ́sàn-án tí kò tíì lè jókòó, ìmọ̀ràn tó kọ́kọ́ máa ń wọlé kì í ṣe ti dókítà. Ìyá ọkọ ní tirẹ̀, wòlíì ní tirẹ̀, ọlọ́kadà tó gbé yín bọ̀ láti ọjà pàápàá á ní tirẹ̀. Èmi náà ní tèmi, mo sì kọ ọ́ fún òbí tó wà ní Abigi, Ìwòpín, Ibiade àti Mákùn-Omi, títí dé Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgó-Ìwòyè. Ìrànlọ́wọ́ wà fún ọmọ náà. Ọ̀nà rẹ̀ ló jìn. Ẹni tí yóò rìn jìnnà sì yẹ kó mọ ohun tó ń lọ gbà kó tó wọkọ̀.

Ṣe: Ẹ ra ìwé kan, kí ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá gbàgbé ìyókù, ẹ má gbàgbé èyí. Wákàtí mélòó ni ìyá fi rọbí? Ṣé ọmọ ké bó ṣe wálẹ̀, àbí ó pẹ́ kó tó ké? Ọjọ́ wo ni gìrì kọ́kọ́ mú un, oògùn wo ni wọ́n fún un, ta ló fún un? Èrò pọ̀ níta ilé ìwòsàn ńlá, dókítà lè máà ní ju ìṣẹ́jú díẹ̀ fún yín. Ìyá tó ń sọ pé "ó ti pẹ́ díẹ̀" ti fi ìṣẹ́jú yẹn ṣòfò. Ẹ fi fóònù ya fídíò gìrì náà bó bá tún dé, nítorí gìrì kì í dúró de dókítà. Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìwé ọjọ́ ìbí, NIN ọmọ, gbogbo èsì àyẹ̀wò, inú ọ̀rá kan náà ni kí wọ́n wà, níbi tí òjò kò ti lè dé.

Má ṣe: Ẹ má gbé ọmọ lọ sí bèbè odò. Ọ̀rọ̀ yìí kò dùn-ún sọ láàárín àwa tí ọ̀sà yí ká, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni wọ́n ti ń sọ ọ́ ní Nàìjíríà. Ọmọ tí kò rìn, tó ń wọ́ nílẹ̀, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀: wọ́n á ní ejò ni, tàbí ọmọ omi, pé kí wọ́n gbé e lọ sétí odò pẹ̀lú ẹyin, yóò paradà, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Kò sí ọmọ tó paradà rí. Omi ló ń gbé ọmọ lọ, ìpànìyàn sì ni òfin ń pe ìyẹn. Ọpọlọ ọmọ náà ló fara pa, bóyá nígbà ìrọbí tí èémí kò délẹ̀, bóyá lẹ́yìn àìsàn líle. Bí ẹnikẹ́ni bá ní àṣà ni, ẹ bi í pé àṣà ta ni. Àwọn baba wa ní Ọbàtálá ló mọ arọ, abuké àti àfín. Ẹni òrìṣà ni wọ́n ń pè wọ́n, ẹni tó bá fi wọ́n ṣẹ̀sín ń wá ìjà òrìṣà. Níbo ni ejò ti wọ ọ̀rọ̀ náà?

Ṣe: Ẹ wo ojú ọmọ tuntun nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Bí ojú tàbí ara rẹ̀ bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, kì í ṣe oòrùn àárọ̀, kì í ṣe omi gúlúkóòsì. Pípọ́n ojú yìí lè ba etí àti ọpọlọ jẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ má sì fi káńfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ tuntun. Ó ń ba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kan jẹ́.

Má ṣe: Ẹ má fún ọmọ tí gìrì tàbí wárápá mú ní àgbo ìtọ̀ màlúù. Ẹ má ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọná. Ẹ má ki ṣíbí sí i lẹ́nu. Àgbo yẹn a máa fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ṣúgà yẹn ni ọpọlọ fi ń ṣiṣẹ́; ọmọ tí gìrì kò pa, àgbo lè pa á. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ tú aṣọ ọrùn rẹ̀, ẹ wo aago. Bó bá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ẹ gbé e, ó di ilé ìwòsàn.

Oògùn wárápá bíi phenobarbital kò wọ́n. Ohun tó ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ni kí òbí dá a dúró lójijì torí pé ara ọmọ ti yá. Ilé ìwòsàn Àrò ní Abẹ́òkúta, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1954 lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Adeoye Lambo, ń tọ́jú wárápá, ó sì ń tọ́jú ọmọdé. Kì í ṣe wèrè nìkan ló ń lọ síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí orúkọ Àrò lé yín sá. Ohun tó yẹ kó lé yín sá ni ilé tí wọ́n ti ń fi ṣẹ́ẹ̀kẹ́ṣẹkẹ̀ de ènìyàn mọ́lẹ̀ ní orúkọ ìwòsàn. Human Rights Watch gbé ìròyìn irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà jáde ní 2019, ọmọdé sì wà lára àwọn tí wọ́n dè.

Ṣe: Ẹ mọ ibi tí ẹ ń lọ. Àgó-Ìwòyè ni Yunifásítì Olabisi Onabanjo wà, ṣùgbọ́n Ṣágámù ni ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ wọn wà. Ẹ má ná owó ọkọ̀ sọ́nà òdì. Bí ètè tàbí àjà ẹnu ọmọ bá là, Smile Train ń san owó iṣẹ́ abẹ náà ní àwọn ilé ìwòsàn tó ń bá a ṣiṣẹ́, òbí kì í san kọ́bọ̀. Fún ọmọ tí kò ní ẹsẹ̀ tàbí apá, The Irede Foundation wà ní Èkó láti 2012. Fún ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ fara pa nígbà ìbí, àjọ Benola wà. Fún Down syndrome, Down Syndrome Foundation Nigeria. Fún autism, Patrick Speech and Languages Centre ní Ìkẹjà. Ẹ fi fóònù bá wọn sọ̀rọ̀ kí ẹ tó gbéra. Ẹ sì kíyè sí i, àwọn tó dá mẹ́rin tó gbẹ̀yìn yìí sílẹ̀: Crystal Chigbu, Femi Gbadebo àti ìyàwó rẹ̀, Rose Mordi, Dotun Akande, òbí ọmọ bíi tiyín ni gbogbo wọn. Kò sí ìjọba tó rán wọn níṣẹ́.

Má ṣe: Ẹ má gba "kò sáyè" látẹnu ọ̀gá ilé-ìwé, kí ẹ sì yíjú padà. Òfin àpapọ̀ tó lòdì sí kí wọ́n máa ya àkàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀, èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019, sọ ní abala 17 pé ẹ̀tọ́ wọn ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ìparí ilé-ìwé girama. Ẹ ní kí ọ̀gá náà kọ ìdí tí kò fi gba ọmọ sínú ìwé, kó fọwọ́ sí i. Ẹ óò rí i pé ohùn rẹ̀ á yí padà. Bí kò bá yí, ẹ gbé ẹjọ́ náà lọ sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ yín, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan pamọ́.

Adití kì í ṣe òpè. Ọmọ adití ń fẹ́ èdè ọwọ́ ní kùtùkùtù, kó tó pé ọmọ ọdún márùn-ún bó bá ṣeé ṣe. Adití ni Andrew Foster fúnra rẹ̀, ará Amẹ́ríkà tó dá ilé-ìwé àwọn adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960. Ilé-ìwé Pacelli fún àwọn afọ́jú ti wà ní Sùúrùlérè láti 1962. Láti 2017 ni JAMB sì ti ní ìgbìmọ̀ kan, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola, tó ń ṣètò ìdánwò àwọn afọ́jú lọ́tọ̀.

Má ṣe: Ẹ má fi ọmọ tọrọ báárà. Òfin àkàndá ẹ̀dá yẹn kan náà, ní abala 16, fi owó ìtanràn ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà dè é. Lójú tèmi, fọ́tò ọmọ tí kò wọṣọ lórí Facebook kò jìnnà sí i. Ẹ má sì gba kẹ̀kẹ́ arọ èyíkéyìí nítorí pé olóṣèlú ń ṣọjọ́ ìbí. Kẹ̀kẹ́ àgbàlagbà á wọ́ ẹ̀yìn ọmọ, táyà tẹ́ẹ́rẹ́ á sì rì sínú iyanrìn wa kó tó dé ibi tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí. Ẹ ní kí wọ́n wọn ọmọ ná. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n ya fọ́tò wọn pẹ̀lú ẹlòmíràn.

Ṣe: Ẹ lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀, ẹ má dá nìkan lọ. Òbí mẹ́ta tó lọ pọ̀ kì í pẹ́ níta bí òbí kan. Ẹ béèrè fún JONAPWD, ẹgbẹ́ àpapọ̀ àwọn àkàndá ẹ̀dá, tó ní ẹ̀ka ní ìpínlẹ̀. Bí ilé-ìṣẹ́ tàbí ilé-ìwé bá fi ẹ̀tọ́ ọmọ dù ú, National Human Rights Commission kì í gba owó láti gbọ́ ẹjọ́, Legal Aid Council sì ń wá lọ́yà fún ẹni tí kò lágbára.

Má ṣe: Ẹ̀yin bàbá, ẹ má sá. Mo dákẹ́ níbẹ̀.

Ṣe: Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ sí ilé ìwòsàn ní Ṣágámù, ẹ wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́. Ẹ gbé oúnjẹ ọmọ, aṣọ méjì, omi, oògùn rẹ̀, àti ìwé tí ẹ ti ń kọ gbogbo rẹ̀ sí. Bí àǹtí ọmọ bá wà nílé, ẹ mú un dání, kí ọwọ́ ìyá lè ráyè kọ ohun tí dókítà bá sọ. Ẹ ní kí dókítà pe orúkọ àìsàn náà lẹ́ẹ̀mejì. Kí ẹ tó jáde, ẹ béèrè ọjọ́ tí ẹ óò padà, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé náà.