Ẹnu Ọ̀nà Ni Kí Ẹ Ti Tún Un Ṣe

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ní Ìperindó, ní Iléṣà àti ní Òṣogbo, iṣẹ́ àtúnṣe àṣẹ fáìlì nínú kernel Linux tí ẹ ní ẹ fẹ́ kọ́ yìí, iṣẹ́ oníbodè ni. Kernel Linux tó wà nínú kọ̀ǹpútà ńláńlá ló wà nínú fóònù Android tí ìyá oníṣòwò mú dání lọ́jà Àtàkúnmọ́sà. Òun ló ń pinnu ẹni tó lè ka fáìlì, ẹni tó lè kọ nǹkan sínú rẹ̀ àti ẹni tó lè mú un ṣiṣẹ́. Ètò ìpamọ́ fáìlì pọ̀ lábẹ́ rẹ̀, ext4, XFS, Btrfs, ṣùgbọ́n bodè kan náà ni gbogbo wọn ń gbà: VFS (Virtual File System), ìpele kernel tó dúró níwájú gbogbo wọn.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2018. Fódà kan wà tó ní àmì SGID, ìyẹn ni pé fáìlì tuntun tí a bá dá síbẹ̀ á di ti ẹgbẹ́ tó ni fódà náà. Bí fódà ọ̀hún bá ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ lè wọlé, kó dá fáìlì, kó fi SGID sí i, kó sì mú un ṣiṣẹ́. Agbára ẹgbẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ ló gbé wọ̀ yẹn. Olùwádìí ààbò Jann Horn ló fi í sùn, Linus Torvalds tó dá Linux sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ló kọ àbùlẹ̀ rẹ̀ sínú function inode_init_owner: bí ẹni tó dá fáìlì kò bá sí nínú ẹgbẹ́, kí àmì náà bọ́ kúrò.

Ọ̀rọ̀ ò tán síbẹ̀. XFS ní ọ̀nà tirẹ̀ tó ń gbà dá fáìlì, ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé yẹn sì ṣí sílẹ̀ títí di 2021. Umask, ìlànà tó ń yọ àwọn àṣẹ kan kúrò lára fáìlì tuntun, tún kù. Àyẹ̀wò inú àbùlẹ̀ Torvalds máa ń kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹgbẹ́ láṣẹ láti mú fáìlì ṣiṣẹ́ kó tó bọ́ SGID. Níbi tí umask bá ti ṣáájú yọ àṣẹ yẹn, àyẹ̀wò ò ní rí nǹkan kan mú, SGID á sì jókòó pẹ̀sẹ̀. Nígbà náà, ètò ìpamọ́ kan á fi umask ṣáájú, òmíràn á fi í kẹ́yìn. Ní 2022 ni Yang Xu, ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ kóòdù kernel, gbé bíbọ́ SGID wá sínú VFS gan-an, kó máa ṣáájú umask níbi gbogbo. Ọdún mẹ́rin gbáko! Nítorí náà, bí ẹ bá rí ihò kan, ẹ fi grep tú gbogbo fódà fs/ inú kóòdù kernel, kí ẹ mọ ẹlòmíì tó ń ṣe irú iṣẹ́ náà láìgba bodè.

Bí ẹ ò bá mọ ìgbà tí àṣìṣe wọlé, ẹ rántí àwọn tó ń wa wúrà nílẹ̀ wa níbí: wọn kì í wa gbogbo ilẹ̀ tán. Bẹ́ẹ̀ náà, git bisect á máa pín ìtàn kóòdù sí méjì. Nínú 1,000 àtúnṣe, nǹkan bí ìgbà 10 lẹ máa dán an wò.

Ẹ má fi root, ọ̀gá kọ̀ǹpútà, nìkan dán àbùlẹ̀ wò láé. Àṣẹ rwx (kíkà, kíkọ, mímú ṣiṣẹ́) tí ń dá àwa yòókù dúró kì í sábà dá root dúró. Ẹ dá ènìyàn mẹ́ta sílẹ̀: ẹni tó ni fáìlì, ọmọ ẹgbẹ́ àti àlejò. Ìdánwò tó kùnà kí àbùlẹ̀ tó dé, tó sì yege lẹ́yìn rẹ̀, òun ni mo gbà gbọ́. Ẹ má sì fi kóòdù àṣìṣe EPERM rọ́pò EACCES. Àwọn ètò mìíràn ń kà wọ́n.

Nínú àlàyé àbùlẹ̀ yín, ẹ kọ ohun tí ẹni náà lè ṣe tẹ́lẹ̀ tí kò lè ṣe mọ́. Mo bẹ̀ yín, kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí, ẹ ṣí fs/namei.c, ẹ wá inode_permission, ibi tí oníbodè ti ń yẹ àṣẹ wò, kí ẹ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀.