Ajá Dákẹ́, Olè Ò Tíì Jáde

Ta ni ò mọ tramadol, oògùn ìrora, ní Ajégúnlẹ̀? Alábàárù tó ti ń ru àpò sìmẹ́ńtì láti ìdájí á sọ hóró kan sẹ́nu, á fi páragá tì í wọlé, á tún bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹrù. Awakọ̀ tírélà tí ilẹ̀ mọ́ bá lójú títì Àpápá náà ń lò ó. Léraléra ni NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, ń bá oògùn yìí nínú kọ̀ntéénà ní èbúté Àpápá. "Ó ń fún mi lágbára" ni wọ́n máa ń wí.

Kò fúnni lágbára. Ìrora ló ń bò mọ́lẹ̀.

Ibí ló máa ń rú èèyàn lójú, torí náà ó yẹ ká tún un sọ. Ìrora dà bí ajá tó ń gbó nígbà tí olè wọlé. Tramadol ń di ajá lẹ́nu. Ajá dákẹ́, olè ò jáde. Ẹ̀yìn tó wọ́ ò tíì sàn. Ara ò dunni mọ́, ara ò sì tíì yá.

Ti ẹ̀dọ̀ le jù, torí ẹ̀dọ̀ kì í sábà kígbe. Ó lè bàjẹ́ jìnnà kó má dunni, títí ẹyin ojú yóò fi di àwọ̀ ìyeyè, tí ìtọ̀ yóò pọ́n. Ẹ̀dọ̀ ló ń fọ́ oògùn tó wọnú ara sí wẹ́wẹ́. Ìwọ̀n tí dókítà kọ, ẹ̀dọ̀ tó dá ṣáká lè gbé e. Ohun tó ń bá oògùn náà rìn ló ń bà á jẹ́ jù. Àwọn hóró kódíìnì kan, tí òun náà jẹ́ oògùn ìrora, ní parasitamọ́ọ̀lù nínú; parasitamọ́ọ̀lù tó bá sì kọjá gíráàmù 4 lóòjọ́, ìyẹn hóró 8 ti 500 mg, lè pa ẹ̀dọ̀ run. Ọtí ń bu epo sí i. Abẹ́rẹ́ oògùn tí èèyàn méjì jọ lò náà lè gbé àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ (hepatitis) B àti C kiri.

Irú oògùn yìí tún lè mú kí àwọn sójà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá kòkòrò àrùn jà máa tòògbé. Lára mọ́fíìnì, tó jẹ́ ìbátan tramadol, ni àwọn onímọ̀ ti rí èyí jù. Ajá dákẹ́, ọlọ́dẹ náà sùn.

Tramadol 50 mg àti 100 mg ni NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oògùn, fọwọ́ sí. Kemísì tó bá ta 225 mg fún ọmọ ọ̀dọ̀ láìbéèrè ìwé dókítà, ìkà ló ń ṣe fún àdúgbò tó ń bọ́ ọ.

Ẹni tó ti ń lò ó lójoojúmọ́ kò gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì, ara á máa gbọ̀n, oorun ò ní wá. Kó lọ bá dókítà, irú èyí tó wà ní ọsibítù ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ ní Yàbá, kó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ òun wò fún jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀. Bí wọ́n bá bi í léèrè iye hóró tó ń lò lóòjọ́, kó ka gbogbo rẹ̀ fún wọn, kó má fi ọ̀kan pamọ́.